Àbímọ́

Ohun tí a bí mọ́ ẹ̀dá, tí oúnjẹ tàbí ìtọ́jú kò lè yí padà, ni àbímọ́. Nígbà Iléyá l'Óṣogbo tàbí n'Iléṣà, ẹ wo àgùntàn ilẹ̀ wa tó kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Balami funfun tó ti Òkè Ọya wá, tó ga, tí etí rẹ̀ ń fì dirodiro. Bó ti wù kí ẹ bọ́ tiwa yó tó, kò ní ga tó o. Ní ti gíga, ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ ló ń tú họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù yìí á rán ẹ̀dọ̀ níṣẹ́, egungun á sì gùn. Iye jíìnì tó ń pèsè họ́mọ́ọ̀nù náà kò dọ́gba: láti ara òbí kan, àgùntàn kan lè jogún ẹ̀dà kan, òmíràn méjì. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré tiwa o! Àbímọ́ náà ló ń jẹ́ kó fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran, ju Balami lọ.