Baloubet du Rouet

Baloubet du Rouet (1989–2017) jẹ́ akọ ẹṣin pupa láti ilẹ̀ Faransé, ẹ̀yà Selle Français, tí ó gbajúmọ̀ nínú eré fífo ọ̀pá. Galoubet A ni bàbá rẹ̀. Mésange du Rouet, ọmọ Starter, ni ìyá.

Ìdílé bàbá ló lókìkí jù. Almé, tí wọ́n bí ní 1966, ló bí Galoubet. Ibrahim ló bí Almé, The Last Orange ló bí Ibrahim, Orange Peel sì ni bàbá The Last Orange, ẹṣin Thoroughbred, ẹ̀yà tí wọ́n ń lò fún eré sísá. Almé kan náà ló bí Jalisco B, bàbá Quidam de Revel, ẹṣin olókìkí mìíràn nínú eré fífo ọ̀pá.

Ìhà ìyá Galoubet ló yani lẹ́nu. Viti, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Nystag, ní ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ sáré, èyí tí kò wọ́pọ̀ rárá nínú ìran àwọn tí ń fo ọ̀pá. Síbẹ̀, Galoubet wà nínú ikọ̀ Faransé tó gba góòlù ìdíje àgbáyé ní Dublin ní 1982.

Rodrigo Pessoa, ọmọ Bràsíl, ló gun Baloubet gba Ife Àgbáyé ní 1998, 1999 àti 2000 léraléra. Ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000, ẹṣin náà kọ̀, kò fo ọ̀pá mọ́, wọ́n sì yọ òun àti Pessoa kúrò nínú ìdíje. Ní Òlíńpíìkì Athens ní 2004, ipò kejì ni wọ́n ṣe. Góòlù bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí àyẹ̀wò fi oògùn hàn lára ẹṣin tó ṣe ipò kìíní. Lára àwọn akọ ọmọ rẹ̀ tó bí ẹṣin rere ni Chaman àti Balou du Rouet.