Ìtàn Ààrò Alágolo

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi tí ààrò náà ń jẹ kò kéré, èéfín rẹ̀ sì ti dùn wá lójú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Guatemala ní oṣù kejì ọdún 1976, tí nǹkan bí 23,000 ènìyàn kú, àwọn tí ó lọ ṣe ìrànwọ́ níbẹ̀ fi amọ̀ àti iyanrìn mọ ààrò ńlá kan tí a ń pè ní Lorena. Ó ń lé èéfín jáde nínú ilé, oore ńlá sì ni; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n rí i pé amọ̀ tí ó nípọn náà ni ó ń mu ooru tí ó tọ́ sí ìkòkò.

Ìdí nìyí tí Larry Winiarski, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá ilé ìwádìí Aprovecho ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́, fi gba ọ̀nà mìíràn ní nǹkan bí ọdún 1982. Agolo tí a ti jù sí ààtàn tó fún iṣẹ́ náà: a ó so agolo kékeré méjì pọ̀ bí ìgúnpá, a ó tì wọ́n bọ inú agolo ńlá, a ó sì ki eérú yí wọn ká, nítorí eérú fúyẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ooru sá lọ. Páànù pẹlẹbẹ kan gbé igi sókè lẹ́nu ọ̀nà, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Orí igi nìkan ni ó ń jó, èéfín pàápàá a sì jóná kí ó tó kan ìdí ìkòkò. Eérú yẹn, tí à ń gbá dànù láràárọ̀, ni mo kà sí ọgbọ́n tí ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀.