ILÉ OMI NÍ KÁKÁWÀ, L'ÉKÒÓ

Kò sí ẹni tí kò mọ ìyà omi nínú àwa tí a ń gbé ìlú yìí. Mélòó ni garawa tí a kì í rà lọ́wọ́ mẹ́ruwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ìdí nìyí tí a fi rántí ilé kan ní Kákáwà, l'Ékòó, tí gbogbo ayé ń pè ní Ilé Omi.

João Esan da Rocha ni ó ni ín, ọmọ Iléṣà. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú ní nǹkan bí 1840 lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ibẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Candido ọmọ rẹ̀ sí ní 1860. Nígbà tí ó kó wọn padà wá, Èkó ni ó tẹ̀dó sí, kì í ṣe Iléṣà. Àlejò bí tiwa ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà l'Ékòó nígbà náà ní ẹgbẹ́ bí irú èyí. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ni ó ń fi ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé nígbà ogun Kírìjì.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà ni ilé náà. Ẹni tí ó bá ti rí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ti rí irú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bíríkìlà tó ti Brazil dé. Ṣùgbọ́n kànga rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀sà yí Èkó ká, omi tó dára kò sì pọ̀. Da Rocha gbẹ́ kànga, ó ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú. Àwọn kan lè pe èyí ní ahun. Àwa kò pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó gbẹ́ kànga ló mọ ohun tó ná an.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú, ará Èkó yarí. Ní 1908, Dókítà Randle àti Dókítà Obasa dá People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, nítorí Òyìnbó ni wọ́n ṣe ń fa èyí. Omi náà dé ní 1915. Ní 1916, owó rẹ̀ dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Candido di olówó ńlá, ó sì wà láyé títí di 1959.

Kànga ẹlẹ́rọ tí a fẹ́ gbẹ́ sí àgbàlá gbọ̀ngán wa ni owó òní wà fún. Nínú ìpàdé, àwọn kan ní kí á máa fún àwọn aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ní kí á máa tà á. Àwa tí a kọ èyí wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí á tà á, ní iye tí yóò ra epo ẹ̀rọ.