Mọ́tọ̀ Iná

Mọ́tọ̀ iná, tó yàtọ̀ sí mọ́tò tí à ń wọ̀, ni ẹ̀rọ tó ń sọ iná mànàmáná di agbára tó ń yí nǹkan. Wáyà bàbà tí iná ń gbà kọjá a máa di òòfà. Bí òòfà kan ṣe ń fa èkejì tó sì ń tì í ló ń mú ọ̀pá àárín yí. Michael Faraday fi irú ìyípo bẹ́ẹ̀ hàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1821.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ni mọ́tọ̀ ìńdọ́kíṣọ̀n, tí Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1888. Òun ló ń yí fáànù àjà, tó ń fa omi kànga, tó sì ń mú fíríìjì tutù. Kò ní bọ́rọ́ọ̀ṣì, ìyẹn èédú tó ń gbé iná dé apá tó ń yí, tí yóò máa jẹ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Bí fáànù bá ń kùn ṣùgbọ́n tí kò yí àfi bí a bá fọwọ́ tì í, kapásítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ló sábà máa ń kú. Owó kékeré ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ń dunni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fáànù tó ṣì dára nù.

Bùlẹ́ńdà nílò eré àsápajúdé, nítorí náà mọ́tọ̀ oníbọ́rọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń pariwo tó bẹ́ẹ̀. Mọ́tọ̀ tó ń lo iná bátìrì ló ń yí wáípà ọkọ̀, irú rẹ̀ tó kéré bíi ẹ̀wà ló sì ń mú fóònù gbọ̀n.