Ère Ọba Tó Di Ọta Ìbọn



Ní ọjọ́ kan ní ilé-kéwú, ọmọ kan bi mí pé: "Aáfà, ẹ kọ́ wa pé raṣāṣ ni òjé. Kí ló dé tí àwọn Lárúbáwá tún ń pe ọta ìbọn ní raṣāṣ?" Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi nínú. Òjé ni wọ́n fi ń rọ ọta láti ìgbà pípẹ́, orúkọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ló sì mọ́ ọn lórí. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni marṣūṣ ti wá, èyí tó wà nínú Sūratu-s-Ṣaff, ẹsẹ 4, níbi tí a ti ń sọ nípa ilé tó so pọ̀ gírígírí. Àwọn kan nínú àwọn onítúmọ̀ Àlùkùránì sọ pé bí ilé tí wọ́n fi òjé yíyọ́ di òkúta rẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ wo irin kan ṣoṣo: ó ń so ilé ró, ó sì ń pa ènìyàn.

Òjé kì í ṣe irin agídí. Bí iná bá ti gbóná dé ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígírédì, ó ti yọ́ nìyẹn. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń lò ń fẹ́ ju 1,500 lọ kí ó tó yọ́. Iná ìdáná lásán tó fún òjé. Ìdí nìyí tí rírọ ọta fi di iṣẹ́ inú ilé láyé àtijọ́. Ìtàn tó fi èyí hàn kedere ni ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1776.

Nígbà náà, ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹta, ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Ní ọdún 1766, ìjọba fagi lé owó orí kan tó ń ni àwọn ará ibẹ̀ lára. Inú wọn dùn, wọ́n ní kí a gbẹ́ ère ọba lórí ẹṣin láti fi dúpẹ́. Òjé ni wọ́n fi rọ ère náà, wọ́n fi wúrà bò ó lára, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní Bowling Green, New York, ní ọdún 1770. Kò pé ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Júláì 1776, wọ́n ka ìwé ìkéde òmìnira sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun Washington. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú so okùn mọ́ ère, wọ́n fà á lulẹ̀. Washington fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ó ní ìtara wọn dára, ṣùgbọ́n ó jọ ìjàgboro. Kí wọ́n fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ.

Òjé ṣọ̀wọ́n lásìkò ogun náà. Wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù lára àfọ́kù ère lọ sí Litchfield ní Connecticut, sí ilé Oliver Wolcott. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ti yọ́ ọba, tí wọ́n dà á sínú àwòkọ́ ọta. Wolcott kọ iye tí olúkúlùkù rọ sílẹ̀. Ruth Marvin rọ 11,592. Laura, ọmọ Wolcott, rọ 8,378. Mary Ann àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, rọ 10,790. Frederick, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rọ 936. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42,088.

Òjé lásán rọ̀, ìyẹn sì tó fún ìbọn ayé ìgbà náà. Nígbà tí ìbọn tó yára jù bẹ́ẹ̀ dé, òjé rírọ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú ẹnu ìbọn. Wọ́n bá ń fi tánganran àti antimony lú u kí ó le.

Ohun tí ìwé Wolcott kò sọ ni ohun tí òjé ń ṣe fún ẹni tó ń yọ́ ọ. Májèlé ni. Èéfín àti eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwa náà máa ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, a ó yọ́ òjé rẹ̀ nínú agolo mílíìkì, a ó fi ṣe òjé àwọ̀n fún àwọn apẹja. Kò sí ẹni tó bá wa wí, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀. Lónìí, a ti mọ̀. Ní Zamfara ní ọdún 2010, àwọn tó ń wa wúrà ń lọ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé wọn. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú. Ní ọdún 2011, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan ní Boston. Tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé sí i lójú, ló fà á. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ o: púpọ̀ nínú tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà ní orúkọ ithmid, òkúta òjé ni wọ́n lọ̀. Ẹ má lé e fún ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má yọ́ bátìrì nínú ilé.

Ní ọdún 1871, wọ́n wú díẹ̀ nínú àfọ́kù ère náà nínú irà kan ní Wilton, Connecticut. Ìrù ẹṣin ọba wà nínú rẹ̀, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní New York títí di òní. Ìrù ló kù nínú ọlá tí wọ́n fi wúrà bò.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí àìmọ̀ pa àwọn ọmọ wa. Àmín.