Ǹjẹ́ Ẹ Mọ̀ Ọ́n Lára?

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá pè é bẹ́ẹ̀ á ní ìtọ̀ ṣúgà. Egbò àdáàjinná náà ti wà lẹ́nu wa kí ilé ìwòsàn tó dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ni ìgbà tí wọ́n bá ní kí alátọ̀gbẹ wá dara pọ̀ mọ́ ìwádìí lórí ìtọ́jú ẹsẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa kà fún un kí ó tó tẹ̀ka kún fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí ní Yorùbá, ẹni tó sì túmọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè, kì í jókòó ti aláìsàn.

Ìwé ọ̀rọ̀-ìperí tó ń jẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1984, wà fún àwọn tó ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Olùkọ́ lè fi odidi sáà kan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tuntun. Nọ́ọ̀sì tí èrò tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, orúkọ gígùn tí a kàn mọ́ra bí ọkọ̀ ojú irin kò wúlò níbí. Ọ̀rọ̀-ìṣe la nílò, gbólóhùn tí ènìyàn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ara òun ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwádìí kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní 2007, Lawrence Lavery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí alátọ̀gbẹ 173 tí egbò ti yọ lẹ́sẹ̀ wọn rí. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, oṣù 15 ni wọ́n sì fi tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló gba bàtà ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́, dókítà sì ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò. Ẹgbẹ́ kejì tún ń fi jígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ kẹta ní tiwọn ń fi ẹ̀rọ wọn ooru ibi mẹ́fà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ooru ojú kan bá fi ohun tó ju 2.2°C lọ ga ju ti ojúgbà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kejì, wọn á dín ìrìn kù, wọn á sì pe nọ́ọ̀sì. Àwọn tí egbò yọ fún nínú ẹgbẹ́ kẹta kò pé ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹgbẹ́ méjèèjì yòókù, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n. Ká ní irú rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, báwo la ó ṣe kà á fún ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági?

Orúkọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ la ó kọ́kọ́ kọlù. Ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ilé ẹ̀kọ́ ni ìdánwò wà, àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ àdánwò sì wà nínú àdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oògùn Trovan tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọdé ní Kano ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yíirun yíirun, tí ẹjọ́ sì tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń fi òun dán nǹkan wò. Ìwádìí nìkan ńkọ́? Ọlọ́pàá ń ṣe é. Lórí ìwé, màá kọ ọ́ ní ìwádìí ìfìtọ́júwéra, nítorí pé fífi wéra ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Lẹ́nu, màá ní: "À ń fi ìtọ́jú kan wé òmíràn. A kò tíì mọ èyí tó dáa jù, ìdí nìyẹn tí a fi ń wé e." Gbólóhùn kejì yẹn ni àwọn fọ́ọ̀mù máa ń fò, òun sì ni olùkópa nílò jù.

Bí wọ́n ṣe ń pín ènìyàn sí ẹgbẹ́ ló tún le. Dókítà kò yàn, aláìsàn kò yàn. Kọ̀ǹpútà ló ń pín wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan á ní "ìpín láìlétò". Ta ni yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí kò létò? Ìbò ti bọ́ sọ́wọ́ òṣèlú: bí a bá ní a dìbò, wọ́n á rò pé àwọn kan ló jókòó yan àwọn. Ìbò àtijọ́ náà kò gbà wá. Nídìí Ifá, ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò á fi owó ẹyọ pamọ́ sí ọwọ́ kan, á fi eegun sí èkejì, babaláwo kò sì ní mọ èyí tó wà níbo. Bí ó ṣe jọ ọgbọ́n àwọn olùwádìí wù mí gan-an, àmọ́ Ifá là ń bi léèrè níbẹ̀, a sì ń retí èsì. Kọ̀ǹpútà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Orí la ò tilẹ̀ gbọdọ̀ dá sí i, kí ẹni tí kò rí ẹ̀rọ gbà má baà lọ sílé pé orí òun ló kọ̀ ọ́. Kèké ló kù: "Kèké la máa ṣẹ́, kì í ṣe pé a mọ ẹni tó yẹ ibì kan." Ó tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwádìí ti Lavery, àwọn dókítà kò mọ ẹgbẹ́ tí aláìsàn wà. Òyìnbó ń pe ìyẹn ní fífọ́ni lójú. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú alátọ̀gbẹ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé àìsàn náà lè ba ojú jẹ́. "A fi ẹgbẹ́ yín pamọ́ fún dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un" ti parí ẹ̀.

Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń yẹ ẹsẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè tẹ̀ bí agbára tí a fi tì í bá tó gíráàmù 10. Aláìsàn á dijú. Nọ́ọ̀sì á fi ṣóńṣó okùn náà kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á tì í títí yóò fi tẹ̀ kọrọdọ, á sì gbé e kúrò. Lójú kan náà, á fi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á sì díbọ́n lẹ́ẹ̀kan láìfi kàn án rárá. Ẹni tó bá gba méjì nínú mẹ́ta ṣì ní ìmọ̀lára níbẹ̀. Ìbéèrè kan ni gbogbo iṣẹ́ yìí gbára lé. Bí nọ́ọ̀sì bá ní, "Màmá, ṣé ó dùn yín?" màmá á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ, torí pé okùn ọ̀rá kì í dunni. Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ ti kú. Ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan ti di ẹsẹ̀ eléwu nínú ìwé nìyẹn, iye tí wọ́n máa tẹ̀ jáde náà sì ti yẹ̀. "Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lára?" nìkan ló bá okùn mu. Lẹ́yìn náà, "Ẹsẹ̀ wo, ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo ní ẹsẹ̀ ti kú. Aláìsàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀: "Ẹsẹ̀ mi ti kú, sílípáàsì bọ́ lẹ́sẹ̀ mi n ò mọ̀." Lẹ́nu tirẹ̀, àìmọ̀lára ni. Bí dókítà bá sọ ọ́ padà fún un, gígé ló máa gbọ́. Kí dókítà fi sílípáàsì ṣàlàyé ní tirẹ̀.

Ooru náà nílò ìṣọ́ra. Ẹni tó ní "ẹsẹ̀ ń gbóná mi" lè máa sọ ti iṣan tó ń jó o, tí ara ẹsẹ̀ náà sì tutù bí a bá fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ̀rọ ń wá yàtọ̀. Mo fi "ń jó mi" sílẹ̀ fún ti inú, mo sì mú "ooru ẹsẹ̀" fún iye tí ẹ̀rọ kọ.

Ó ku ìyọ̀ǹda. Ìfọwọ́sí kò tó, ènìyàn lè fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Ìyọ̀ǹda àgbọ́yé ni mo fara mọ́. Àǹfààní láti kúrò kò gba ìṣẹ̀dá kankan, "yọwọ́" wà ńlẹ̀: "Ẹ lè yọwọ́ nígbàkígbà, a ò ní torí ẹ̀ dá ìtọ́jú yín dúró." Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí olùkópa yóò pè bí ó bá fẹ́ yọwọ́ sí abẹ́ gbólóhùn yẹn, kí ẹni tó máa gbé fóònù náà sì jẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá.