Bàbá Ọlọ́dẹ Ẹnu Géètì

Kí òyìnbó tó dé, àwọn ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú lóru ní Ìkẹ́rẹ́ àti káàkiri Èkìtì. Nígbà tí iléèwé, báǹkì àti ilé epo dé, iṣẹ́ ọ̀hún di ti olówó oṣù, ṣíìfù ọ̀sán, ṣíìfù òru. Lónìí, kò ṣọ̀wọ́n ká bá bàbá tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu géètì. Ṣé ojú àgbà sì ń ríran lókùnkùn bíi ti ọ̀dọ́?

Òfin 1941 ní kí wọ́n san owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Ti 1955 dáàbò bo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ. Kò kan ọlọ́dẹ iléèwé. Òfin 2010 ló wá kó gbogbo wọn pọ̀, tìjọba tàládàáni, títí kan ẹni tí wọ́n gbà fúngbà díẹ̀. Ọ̀gá ni yóò máa san náírà 1 lórí 100 owó oṣù tó ń san fún NSITF, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ṣubú tàbí tólè ṣá a, kó tètè wí o! Ọjọ́ 14 lòfin fún un láti fi tó ọ̀gá létí. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ bá wọn sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì bá wọn bèèrè iná tó mọ́lẹ̀ àti ẹnì kejì lóru.